Ẹni Tó Fi Ọwọ́ Òsì Júwe Ilé

Mo máa ń jowú, mi ò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwọn kan ń jowú nítorí ọkọ, àwọn kan nítorí aṣọ. Ní tèmi, ọ̀rẹ́ mi ni mo ń jowú, èyí tí a jọ kàwé nílẹ̀ Yúróòpù, tí a jọ padà wálé nígbà tí owó epo ń ya wọ̀lú bí omi, tí a sì jọ gba yàrá sílé kan náà ní Okokomaiko. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Owó ilé ìgboro Èkó ló kó àwa náà pọ̀.

Oyè dókítà ni àwa méjèèjì gbà wálé. Tèmi jẹ́ nípa ìtàn ilé kíkọ́ àwọn òyìnbó, àwọn ààfin àti ilé olówó wọn àtijọ́. Tirẹ̀ jẹ́ nípa ìtàn ìwé títẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fín àwòrán sára páànù bàbà, tí wọ́n á fi tàdáwà kùn ún, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Bí èèyàn bá rò ó dáadáa, iṣẹ́ méjèèjì fara kọ́ra, torí inú ìwé alàwòrán ni olówó Yúróòpù ayé ìgbà náà ti máa ń ṣa irú ilé tó fẹ́ kọ́. Bàbá onílé wa, tó ń ta sìmẹ́ńtì, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé. Ó rí òpó kan níwájú ilé ẹnìkan ní Ajangbadi, ó ní kí bíríkìlà mọ irú ẹ̀ síwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí òun ń kọ́ sí Ìbà. Nígbà tí bíríkìlà mọ ọ́n tán, ìgò ló jọ.

Àwọn ará àdúgbò ò mọ irú dókítà tí a jẹ́. Wọ́n ṣáà gbọ́ pé dókítà ni wá, wọ́n sì ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá. Èmi á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà ìwé ni mí," màá sì ti ilẹ̀kùn. Òun á gba ọmọ náà mọ́ra, á fi aṣọ tútù nù ún lára, á bá ìyá rẹ̀ wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀jọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe òun ní Dókítà wa, tí èmi sì di Dókítà kejì. Mi ò fẹ́ tọ́jú ọmọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ orúkọ yẹn dùn mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ìgbà tí ilé ìkàwé ńlá kan ní Yúróòpù ránṣẹ́ sí yunifásítì tí àwa méjèèjì ti ń kọ́ni pé àwọn fẹ́ gba ẹnìkan tó ti gba oyè dókítà, kó wá fi ọdún kan ṣe ìwádìí lórí ilé àtijọ́ àti àwọn ìwé tí wọ́n tẹ àwòrán wọn sí. Ẹnìkan péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan á wá láti ibẹ̀ láti fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Àwa méjèèjì nìkan ni iṣẹ́ náà bá mu ní yunifásítì wa. Àwọn ìwé tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹ̀kọ́ nípa wọn wà lọ́hùn-ún, fọ́tò díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá rí ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ mi tán nìyẹn. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló gbà á, mi ò ní sunkún púpọ̀. Òun gan-an ni mi ò fẹ́ kó gbà á.

Nínú àwọn fọ́tò mi, ọ̀kan wà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri lókè tábìlì. Àwòrán ilé olówó kan ni, láti inú ìwé tí gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé òun ni àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀. Ilé náà lópòó, ó ní fèrèsé gíga àti àtẹ̀gùn òkúta. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró lẹ́nu géètì, ó ń júwe ilé náà fún àlejò. Mo mọ gbogbo òpó ibẹ̀ bí ẹni mọ eyín ẹnu ara ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀rẹ́ mi gbé àgbàdo sísè wá sí yàrá mi. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ, ó ń wo ògiri. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Wọn ò kọ́ ọmọ yìí nílé o. Ta ló ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò gbá lọ́wọ́ rí nítorí ìyẹn. Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe gé mọ́ mi lẹ́nu. Mo dìde, mo sún mọ́ àwòrán. Òyìnbó àtijọ́ máa ń fi idà kọ́ ìbàdí òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún lè fà á yọ. Ti ọ̀dọ́kùnrin yìí wà ní ìbàdí ọ̀tún. Nígbà tí mo yíjú padà, òun náà ti dẹ́kun àgbàdo jíjẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro. Bí èèyàn bá wo àwòrán inú ìwé ẹlòmíràn, tó fín in sára bàbà bó ṣe rí i gẹ́lẹ́, ṣe ló máa yí padà bó bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní àkọ́bí, àdàkọ ni. Àkọ́bí gidi wà níbòmíràn, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Ṣé o rí i?"

Mo ní, "Mo rí i."

A jẹ àgbàdo wa tán. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ilé ni mò ń wò, mi ò wo ọmọ onílé. Òun jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó rí i pẹ̀lú àgbàdo lẹ́nu. Kò sì sí ẹni tó sọ nínú wa pé ta ló ni ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo ni fọ́tò, òun ló lojú. Bí ajá ẹlòmíràn bá pa ẹran nínú oko rẹ, ta ló ni ẹran?

Ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ ló fi gbé wa lọ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Láti Ìyànà Ìbà ló ti ń gbàdúrà fún àwa méjèèjì, èmi ò ṣe àmín. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bi mí pé kí ni mo ní tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì dé ẹnu mi, mo gbé e mì, mo sì ń sọ nípa òpó àti fèrèsé. Kí ẹ má rò pé ìwà rere ni o. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi rí ohun tó máa fi bú mi ni.

Òun náà wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìta. Mo mọ̀ pé ó ti sọ ọ́. Kí ló tún kù tó lè pa òyìnbó lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀?

Òun ni wọ́n mú. Gbogbo ilé ń yọ̀ pé Dókítà wa ń lọ sókè òkun. Bàbá onílé gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi ní ohun kan tí mo fi ń tu ara mi nínú: fọ́tò mi ló fi wọlé. Olè ni. Ó dùn mọ́ mi láti máa sọ ọ́ nínú ara mi. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń bá a ká aṣọ sínú àpótí, mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń fẹnu yọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, a ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Báwo ló ṣe rí lára òyìnbó yẹn nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì?"

Ó wò mí. "Mi ò sọ ọ́ fún un. Ṣebí fọ́tò ẹ ni. Mo fi sílẹ̀ fún ẹ kí o kọ ọ́ ni. Àbí o ò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"Kí lẹ wá ń sọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi. Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀."

Ó dì mọ́ mi, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Mo kọ ọ́. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Òun ló wá ìwé àkọ́bí gidi náà rí lọ́hùn-ún, tó ya fọ́tò ojú ewé náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ̀rí mi lè dúró. Mo ní kí n fi orúkọ rẹ̀ sí i, ó kọ̀, ó ní ẹ̀fẹ̀ lásán lòun ṣe. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi mọ̀ mí káàkiri. Bí àwọn èèyàn bá ń yìn mí nítorí rẹ̀, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, àyà mi á sì máa ta mí bí ata. Bó bá jẹ́ pé ó jí i lọ ni, ǹ bá ti dárí jì í tipẹ́.