Àmín Tí Wọ́n Fi Dè Wá

Kí àwọn ṣọ́jà tó padà gbàjọba ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ìlú wa tí kò jìnnà sí Ṣakí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń béèrè bí a ṣe bá kánsù fà á, èyí tí inú ṣì ń bí mi sí jù ni mo fẹ́ sọ.

Kánsù fẹ́ gba oko iṣu Bàbá Ràṣídì tó wà létí títì, kí wọ́n fi kọ́ ilé epo. Ọmọ Alájì kan ni wọ́n fẹ́ gbé ilẹ̀ náà fún. Alájì yìí kan náà sì wà nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí yóò gbọ́ àtakò wa. Bàbá ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ni yóò dá ẹjọ́ ilẹ̀! Mo kọ̀wé pé kí Alájì má jókòó síbẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ ìjókòó, Alájì náà ni wọ́n ní kó fi àdúà bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dàgbà jù. Ó ní kí Ọlọ́run fọwọ́ sí ohunkóhun tí ìgbìmọ̀ yìí bá pinnu. Gbogbo wa tẹ́wọ́, a ṣe àmín. Èmi alára ṣe é, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

Bí mo ṣe dìde pé kí Alájì yẹ̀ kúrò, alága rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ ò ṣe àmín sí àdúà wọn ni?"

"A ṣe é, sà."

"Ẹ ti gbà wọ́n nìyẹn. Ẹ jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ̀kọ́ ilé tí a ní ni wọ́n fi dè wá lọ́wọ́.

Wọ́n sún ìjókòó sí ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n lè lọ wo oko náà. A ò sùn lé e. A lọ láti ojúlé dé ojúlé, a bá gbogbo ìlú sọ ọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, Alájì tún gbàdúà. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó tún un ṣe, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyàwó Bàbá Ràṣídì ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Alájì, ẹ má bínú. Ẹ kàn dìde lórí àga yẹn, a ó ṣe àmín tí wọn ó gbọ́ ní Mẹ́kà."

Alájì kó agbádá rẹ̀ jọ, ó jáde.

Àwọn mẹ́rin tó kù fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Bàbá. Inú wa dùn, n ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí ìwé ìdájọ́ dé, ohun tí wọ́n kọ ni pé kánsù ṣàánú Bàbá Ràṣídì, wọ́n gbà á láyè kó máa dáko níbẹ̀. Wọn ò fẹnu kan Alájì rárá.

"Ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Bàbá wí.

Mo kà á.

"Ilẹ̀ bàbá mi ni wọ́n fi ń ṣàánú mi?"

Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n kàn tẹ̀ka sí i. Wọ́n kọ̀. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn ni wọ́n sì jàre.

Bàbá ti kú. Àwọn ọmọ wọn ló ń dáko náà, gbogbo kánsù tó bá wọlé ló sì ń bi wọ́n léèrè ìwé. A lé Alájì kúrò lórí àga, ṣùgbọ́n ìwé tó pe Bàbá Ràṣídì ní onílẹ̀, títí di òní, kò tíì sí ẹni tó kọ ọ́.