Lẹ́tà Tí Mo Kà Fún Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ilé wa wà ní Bẹẹrẹ, ìwé ABD kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì wa ń lò. Ọwọ́ tíṣà ló máa ń wà. Yóò ka ìlà kan, àwa ọmọ yóò gbè é, ariwo wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọjà'ba. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀ dípò "ẹ" yóò jẹ pàṣán. Ṣùgbọ́n tíṣà ò fìgbà kan fi ìka lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, kó bi wá pé, "Kí lèyí?"

Bí mo ṣe há ìwé náà sórí nìyẹn. Ẹ ì báà dorí rẹ̀ kodò, màá kà á tán. Ìyá àgbà tó bí bàbá mi sọ fún gbogbo agbo ilé pé ọmọ òun ti mọ̀wé. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya. Àbíkẹ́yìn Ìyá àgbà ni. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n gbé e lọ fún tíṣà, Ìyá àgbà kọ̀. "Kí ni mo fẹ́ fi tíṣà ṣe? Akọ̀wé mi rèé."

Mo ṣí i. N ò dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ilé ń wò mí lẹ́nu, ojú sì ń tì mí. Ni mo bá gbóhùn sókè bíi ti kíláàsì: "Ó ní àlàáfíà lòun wà. Ó ní òun kí yín, òun kí gbogbo ilé." Inú Ìyá àgbà dùn, wọ́n fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n mú mi dání lọ bá tíṣà pé kó bá wọn fèsì. Tíṣà ka lẹ́tà náà, ó wò mí.

"Ìyá, ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù l'Ékòó. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọkọ̀ ojú irin wọn gba ibí. Ó ní kí ẹ wá dúró ní téṣàn, kóun lè fojú kàn yín."

Ìyá àgbà ní, "Ṣé ó kí mi níbẹ̀?"

"Ó kí yín, ìyá."

Wọ́n yíjú sí mi. "O ò kúkú parọ́ tán."

Wọn ò nà mí. Ì bá sàn ká ní wọ́n nà mí. Èsì tí tíṣà kọ kò bá àbúrò bàbá mi láyé.

Lónìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ń kàwé já geere, mo máa ń fi ìka lé àárín ojú ewé: "Kí lèyí?" Wọ́n ní wàhálà mi ti pọ̀ jù. N kì í bínú sí èyí tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n.