Ohùn Tó Ya Ilé Onílé

Alálàá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti máa ń sọ pé ọmọ òun a máa la ojú sílẹ̀ sùn. Bí wọ́n bá rán an lọ mú ṣíbí wá, ó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kó máa wo bí oòrùn ṣe ń gba ojú fèrèsé wọlé, títí ìyá rẹ̀ á fi wá mú ṣíbí náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó kọ́ iṣẹ́ kóòdù kíkọ fún kọ̀ǹpútà, ìyá rẹ̀ ní ó bá a mu, torí pé kò sẹ́ni tó máa mọ ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó ń wo òfìfo.

Ọ́fíìsì wọn wà ní àjà kẹta ilé kan tí wọ́n ń ta bébà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun, ọ̀gá rẹ̀, àti ẹ̀rọ amúlétutù kan tó máa ń dún bí ẹni tó ń hanrun ló wà níbẹ̀. Áàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan lẹ́bàá odò ni wọ́n ń bójú tó. Láràárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á gba ohùn àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn á ṣí áàpù lórí fóònù rẹ̀, á sì gbọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà mìíràn tí Alálàá bá ń dán áàpù náà wò, á gbàgbé pé iṣẹ́ lòun ń ṣe. Á máa gbọ́ ìyá kan tó ń ròyìn ẹyẹ tó bà sí ojú fèrèsé rẹ̀, tàbí bàbá kan tó ń bú ata tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, títí ọ̀gá á fi kan tábìlì rẹ̀ kó, kó kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Ìṣòro kan ń bá áàpù náà fínra. Bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ á dákú. Ọ̀gá á pa á, á tún un tàn.

"Ó ti jí," ni ọ̀gá á wí. "Ṣé ìwọ náà kì í tòògbé lọ́sàn-án ni?"

Alálàá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Ó jókòó ti kóòdù bí ẹni tó jókòó sétí odò, ó ń wò ó títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi hàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí áàpù, áàpù á la ọ̀nà tuntun fún un lọ síbi tí wọ́n kó àwọn ohùn pamọ́ sí. Ẹni náà á gbọ́ ohùn tirẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ti ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ á ti pọ̀ débi pé ibi ìkópamọ́ kò ní gba ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ọ̀gá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ kí gbogbo wọn jọ máa lò," ni Alálàá wí. "Kí áàpù là á nígbà tó bá ń jí, kó máa fi yá ẹni tó bá wọlé, kó wá tì í fúnra rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ sùn."

"Ohun àjùmọ̀lò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa, ṣe é. Ṣùgbọ́n má lálàá sínú rẹ̀ o."

Ó ṣe é. Ọ̀sán pọ́n, áàpù kò dákú. Òjò wínníwínní ń rọ̀, ọ́fíìsì dákẹ́ rọ́rọ́, ara Alálàá sì fúyẹ́ bí ẹni pé wọ́n gbé nǹkan kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí nígbà tí fóònù ọ́fíìsì dún. Obìnrin aránṣọ kan ló pè. Bàbá rẹ̀ wà ní ilé ìtọ́jú náà, àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mímí rẹ̀ nìkan làwọn nọ́ọ̀sì ń gbà sílẹ̀. Láràárọ̀, obìnrin náà á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á gbọ́ bí bàbá òun ṣe ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Àbúrò, bàbá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí." Ohùn aránṣọ náà lọ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Kí ni wọ́n sọ, mà?"

"Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? Má fi iṣẹ́ pa ara rẹ.' Mo fẹ́ tún un gbọ́, mi ò rí i mọ́. Jọ̀ọ́, bá mi wá a."

Alálàá ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà tó ń dán áàpù wò. Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó mọ ẹni tó ni ín. Bàbá káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ láràárọ̀. Alálàá ní òun á pè padà.

Kò pẹ́ tó fi rí ibi tí àṣìṣe náà wà. Nínú ohun àjùmọ̀lò tó ṣe, ó fi àyè kékeré kan sílẹ̀ tí áàpù ń kọ orúkọ àgbàlagbà tí wọ́n ń wá sí. Nígbà tó ń kọ ọ́, ó dà bí ohun tó rọrùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló jọ ń lo àyè náà. Aránṣọ wọlé, áàpù kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Kó tó mú ohùn wá, ọmọ káfíńtà náà wọlé, áàpù kọ orúkọ káfíńtà lé ti àkọ́kọ́ lórí. Ni ohùn káfíńtà bá ya ọ̀dọ̀ aránṣọ.

Ó yọ àyè náà kúrò. Ọ̀nà tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn nìkan ló fi sílẹ̀ nínú ohun àjùmọ̀lò. Orúkọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wá, ó jẹ́ kó bá olúwarẹ̀ wọlé, kó sì bá a jáde. Kó tó fi kóòdù tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ó ní láti pa áàpù, ó sì jókòó wò ó bó ṣe ń sùn lọ. Áàpù náà kò gba àlejò mọ́. Ó dúró kí àwọn tó ń gbọ́ ohùn lọ́wọ́ gbọ́ tiwọn tán, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà ló ti ọ̀nà, ó sì dákẹ́. Alálàá rí i pé òun náà ti ń rọra mí bíi tirẹ̀.

"Ta ló máa pe aránṣọ yẹn?" ni ọ̀gá bi í.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Èmi ni mo máa pè wọ́n."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nígbà tí obìnrin náà gbé fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kì í ṣe bàbá yín lẹ gbọ́. Ohùn bàbá mìíràn ni, èmi ni mo ṣe àṣìṣe tó fi ya ọ̀dọ̀ yín."

Ẹ̀rọ náà dúró.

"Mo mọ̀," ni aránṣọ wí.

"Ẹ mọ̀, mà?"

"Bàbá mi ò pè mí ní ọmọ mi rí. 'Ìwọ yìí' ni wọ́n máa ń pè mí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ òun ni. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bi mí bóyá mo jẹun. Ṣé ara bàbá yẹn le?"

"Ara wọn le, mà."

"Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé mo ti jẹun."

Alálàá gbà láti jẹ́ iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtọ́jú náà. Ó bá bàbá káfíńtà níta lórí àga, ó ń wo omi. Ó sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ṣìnà fún un, ó tọrọ àforíjì, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí aránṣọ rán an.

"Ọmọ ta ni?" ni bàbá náà bi í.

"Bàbá tó wà ní yàrá tó tẹ̀lé tiyín, sà. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. A jọ máa ń jókòó." Ó yíjú sí Alálàá. "Ṣé ọmọ rẹ̀ jẹun lóòótọ́, àbí ó kàn sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Bi í dáadáa. Tí ó bá gbà, mà á máa jókòó ti bàbá rẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń gba mímí rẹ̀ sílẹ̀. Mà á máa sọ bó ṣe jí fún un."

Aránṣọ gbà. Láti ìgbà náà, tó bá ṣí áàpù láàárọ̀, mímí bàbá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn káfíńtà á wọlé wẹ́rẹ́, á ní ó sùn dáadáa, á ní ó ti gbá bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Alálàá náà ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàbá méjèèjì, atẹ́gùn á máa fẹ́ wá láti orí omi, ojú rẹ̀ á máa rọra pa dé. Bí nọ́ọ̀sì bá ń kọjá, bàbá káfíńtà á gbé ìka lé ètè.

"Rọra," á wí. "Ẹni tó ń bá wa gbé ohùn kiri ló ń sinmi."