Ìlú Tí Mo Fi Bíírò Pupa Pa Rẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò sì sí ìwé ọmọ iléèwé kankan lórí tábìlì mi mọ́, ṣùgbọ́n bíírò pupa kan wà nínú àpò mi di ìsinsìnyí. Bí mo bá ń ka ìwé ìròyìn tí mo rí àṣìṣe, ọwọ́ mi a máa wá a. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ọgbà mọ̀ mí sí èyí, òun ni wọ́n fi sọ mí di akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé. Wọ́n ní ìwé tí mo bá kọ kì í rí wúruwùru.

Ní ọdún kan, olè ń jí bátìrì ọkọ̀ gbé ládùúgbò. Alága ẹgbẹ́ wá sọ nípàdé pé kí a kọ orúkọ gbogbo ayálégbé sílẹ̀, iṣẹ́ wọn àti ìlú wọn, kí a sì mú ẹ̀dà kan lọ fún àwọn ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ibi tí ìwé náà máa gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn. Èmi náà ò béèrè. Rúlà ni mo lọ rà. Èmi ni mo fa ìlà, tí mo kọ àkọlé sí orí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Nínú ilé tí ọkọ mi olóògbé fi sílẹ̀ fún mi, yàrá tó sún mọ́ géètì jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní Agége. Ọmọ Agége gan-an ni ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù tí yóò bí. Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ a máa mú búrẹ́dì gbígbóná wá síwájú ilẹ̀kùn mi nínú ọ̀rá. "Màmá, ẹ tètè jẹ ẹ́ kó tó tutù o." Yorùbá ẹnu rẹ̀ ní orin kan tí kì í ṣe ti Èkó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún tó kọ́kọ́ dé ló ti sọ fún mi pé Kétu ni wọ́n bí òun sí, lódìkejì ẹnubodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ tirẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, Ìmẹ̀kọ ló kọ. Ìmẹ̀kọ wà ní ìhà tiwa.

Mo ní, "Ọmọ mi, èyí kò tọ̀nà. Kétu lo sọ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò ní apá. "Màmá, Kétu ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí ìyá mi. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Ìlú bàbá lèèyàn ń pè ní ìlú rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Kò sí ohun tí òótọ́ máa fi ẹ́ ṣe."

Mo fa ìlà pupa kan gba orí Ìmẹ̀kọ. Mo kọ ọ́ sókè rẹ̀, ọwọ́ mi gún régé: Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló máa ka ìwé yìí?"

Mo ní, "Àwa náà ni."

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ní àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn mẹ́rin tó wọ kákí wá kan géètì wa. Imigíréṣọ̀n ni wọ́n. Ọ̀kan lára wọn mú ẹ̀dà ìwé mi dání. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà náà ti sọ ìlà pupa mi di dúdú, ṣùgbọ́n mo dá a mọ̀. Orí ìlà yẹn gan-an ni ìka ọkùnrin náà wà. Wọ́n ní kí ọmọ náà mú ìwé ìgbélùú wá. Kò ní. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, kò tíì bọ́ bàtà. Wọ́n mú un lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ò bú mi. Ó kàn jókòó sórí àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Màmá, ṣé ó máa délé kí n tó kó ọmọ jáde?"

Mo wọ bàtà mi, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà.

Mi ò tíì sọ ẹjọ́ mi tán nídìí tábìlì àkọ́kọ́ tí ọ̀gá kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi dìde fùú. "Ha, Ma! Ẹ káàárọ̀, Ma!" Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún. Òun ni mọ́nítọ̀ mi, ọmọ tó máa ń dúró ṣánṣán bí ọ̀pá àsíá. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó gbọ́ mi títí mo fi sọ tán. Lẹ́yìn náà ló mú bébà kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń yàwòrán sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ó yẹ kí ẹ mọ bí ilé yìí ṣe rí, Ma, kí ẹ má baà rìnrìn asán." Ó fi àmì kan sókè pátápátá. Ọ̀gá àgbà nìyẹn, ní Àbújá, ààrẹ fúnra rẹ̀ ló ń yàn án. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn igbákejì, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tó ń rí sí ìwé ìrìnnà, ẹni tó ń rí sí ẹnubodè, ẹni tó ń rí sí ìwé àwọn àlejò, ẹni tó ń rí sí ìwádìí. Lábẹ́ wọn ni àwọn tó ń bójú tó ìpínlẹ̀ mélòó kan pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀gá ìpínlẹ̀ yìí, Ma, ọwọ́ rẹ̀ ló ń fi èèyàn ránṣẹ́ sí ẹnubodè, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ń tú u sílẹ̀." Ó sọ̀ kalẹ̀ sí igbákejì, sí àwọn olórí ẹ̀ka, sí àwọn tó ń bá ọkọ̀ jáde. Ó wá fi àmì kékeré kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá. "Èmi rèé."

Mo wo bébà náà. Ìrísí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi: ọ̀gá iléèwé, igbákejì, tíṣà, mọ́nítọ̀. Ṣùgbọ́n ó tètè dá pẹ́ńsù rẹ̀ dúró. Ó yẹ kí àmì kan tún wà lábẹ́ tirẹ̀, ìyá arúgbó kan tó mú rúlà àti bíírò pupa dání.

Mo ní, "Bá mi pa orúkọ ọmọ yìí rẹ́."

Ó wolẹ̀. "Ma, ẹ rántí ìwé àwọn aláriwo?"

Ṣé mo lè gbàgbé? Bí mo bá jáde ní kíláàsì, òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó bá pariwo. Ní ọjọ́ kan, mo rí i pé ó ti ń gba gúgúrú lọ́wọ́ wọn, ó ń pa orúkọ rẹ́. Mo nà án níwájú gbogbo wọn. Mo ní ẹni tó bá kọ orúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, àfi tíṣà nìkan.

Ó ní, "Láti ọjọ́ náà, mi ò pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́ mọ́, Ma. Mo sì dá ọwọ́ ìkọ̀wé yín mọ̀ nígbà tí ìwé yìí dé."

Ó fa ẹ̀dà náà mọ́ra. "Kí ni Ìmẹ̀kọ ń ṣe lábẹ́ ìlà?"

Mo ṣàlàyé pé ìlú ìyá rẹ̀ ni, pé mo tún un ṣe. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Ma, bí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ọmọ Nàìjíríà ni. Òfin ò sọ pé ti bàbá nìkan. Ohun tó kọ tọ̀nà."

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń máàkì ìwé. Mo ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní òdo tó tọ́ sí wọn, mo sì sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ti ọmọ yìí nìkan ni mo fa ìlà sí tí ohun tó kọ tọ̀nà, tí ó bẹ̀ mí, tí mi ò sì bi í pé, "Kí ló dé?"

Ó ní kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ọkọ̀ tó máa gbé ọmọ náà lọ sí ẹnubodè máa gbéra ní Tọ́sìdeè, aago mẹ́wàá.

Ní Túsìdeè, mo gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìmẹ̀kọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀ lé ọ̀pá, ló mú mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tó dúró tì mí lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ kejì títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó bi mí, "Ta ló sọ pé kì í ṣe ọmọ wa?"

Mo ní, "Ìjọba ni, Bàbá."

Bàbá ṣépè fún ìjọba. Mo ń tẹ̀ lé e lọ.

Aago mẹ́jọ Tọ́sìdeè kò tíì lù tí mo ti wà ní Ìkẹjà. Igbákejì ọ̀gá ìpínlẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní, "Ìyá, ìwé yìí dára. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti buwọ́ lùwé pé kí ọmọ náà máa lọ kí wọ́n tó lọ fún ìpàdé ní Àbújá. Mi ò lè fi ọwọ́ tèmi pa ọwọ́ wọn rẹ́." Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù níṣojú mi, ó tún pè wọ́n. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mọ́nítọ̀ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ sẹ́yìn.

Ní aago mẹ́wàá, wọ́n mú ọmọ náà jáde. Bàtà iṣẹ́ tó wọ̀ ní Mọ́ńdè náà ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rí mi láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó tẹrí ba. "Màmá, ẹ kú wàhálà. Wọ́n ní ẹ lọ sí Ìmẹ̀kọ nítorí mi. Ẹ ṣé o. Ẹ bá mi wo ìyàwó mi."

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá ìpínlẹ̀ dé ní Mọ́ńdè, wọ́n sì buwọ́ lu ìwé pé kó padà, kíá. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní láti gba gbogbo àtẹ̀gùn tó wà nínú àwòrán yẹn kó tó dé ọwọ́ ẹni tó dúró ní ẹnubodè, ó sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ọmọ náà tó wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ti bí ní ọsibítù kan ní Agége ní Sátidé, ọjọ́ kẹta tí wọ́n mú un kọjá. Ọkùnrin ni.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹbí ìyàwó pé sí àgbàlá wa, Ààfáà sì jókòó sórí ẹní. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi fóònù sí, torí pé èmi ni àgbà ilé. Bàbá ọmọ wà lórí ìlà láti Kétu, ohùn rẹ̀ ń já. Ó sọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbọ́ ọ dáadáa, mo sì pè é sókè fún Ààfáà. Ẹnu mi ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un.

Nígbà tí àdúrà parí, ìyàwó rẹ̀ na ìwé kékeré kan sí mi, ibi tí wọ́n fẹ́ kọ ìbí ọmọ sí. "Màmá, ẹ bá wa kọ ọ́. Ọwọ́ yín ló dára jù."

Mo wá bíírò dúdú. Mo kọ orúkọ ọmọ, mo kọ ti bàbá, mo kọ ti ìyá. Mo dé ibi ìlú, mo dúró. Mo gbé fóònù sétí.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìlú wo ni kí n kọ?"

Ó ní, "Agége, Màmá. Ibẹ̀ la bí i sí."

Mi ò sọ̀rọ̀ ìlú bàbá. Mo kọ Agége.