Àwòrán Kẹjọ

Bí ẹ bá rí Dáúdà nídìí bọ́ọ̀sì tó ń wà, ẹ ò ní rò pé ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan mìíràn. Ó sanra, kì í sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fajú ro bí ẹni tí wọ́n yọ ẹran nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó délé, nínú yàrá tó háyà ní Peckham, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, kó ṣí ọ̀dà. Ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń là. Ó ń ya àwòrán, ó sì mọ̀ ọ́n yà dáadáa.

Mìsítúrà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló tọ́ ọ. Ìyá wọn kú nígbà tí Dáúdà ò tíì lè dá wẹ̀, Mìsítúrà ló pọ̀n ọ́n, òun ló rán an níléèwé. Òun náà ló kọ́kọ́ dé London, tó ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ iléèwé, tó sì fi owó oṣù yẹn fa àbúrò rẹ̀ wá. Kò sì jẹ́ kó gbàgbé. "Èmi ni mo gbé ẹ débí" ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Dáúdà ò bá a jiyàn, torí òótọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ lẹ́nu obìnrin yìí láti kékeré ni kó sọ pé, "Dáúdà, o ṣeun." Kò tíì gbọ́ ọ rí.

Obìnrin ará Mẹ́síkò kan tí òun àti Dáúdà jọ ń wa bọ́ọ̀sì ló kọ́ àwọn awakọ̀ ní eré kan lásìkò ìsinmi. Lotéríà ni wọ́n ń pè é nílùú tirẹ̀. Káàdì aláwòrán ni: àkùkọ, òṣùpá, agboòrùn, àkàbà, àní ikú pàápàá ní káàdì tirẹ̀. Ẹnì kan á máa fa káàdì, á máa fi ẹ̀fẹ̀ pe orúkọ wọn, ẹni tí àwòrán yẹn bá wà lórí pátákó tí wọ́n pín fún un á fi hóró ẹ̀wà kan lé e. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ló jẹ. Dáúdà kì í jẹ. Àwòrán ló ń wò ní tirẹ̀, bí kálukú ṣe dúró nínú férémù tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya irú rẹ̀, ó wá fi àwọn ará àdúgbò sínú rẹ̀. Kàbírù tó ń pariwo ta fóònù ní Rye Lane di àkùkọ. Ìyá arúgbó kan tí kì í gbọ̀n òjò kúrò lára agboòrùn kó tó wọ bọ́ọ̀sì, òun náà wọ inú férémù.

Nígbà tí Mìsítúrà gbọ́, ó bú u dáadáa.

"Tẹ́tẹ́ lo wá ń yà báyìí, Dáúdà? Ọmọ Mùsùlùmí?"

"Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ta á, Àǹtí mi. Kò sówó níbẹ̀."

"Ẹ̀wà! Ẹ̀wà tó yẹ kéèyàn sè."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Bernice, tó ń bójú tó gbọ̀ngàn àdúgbò kan lẹ́yìn Rye Lane, ní òun máa gbé àwọn àwòrán náà kọ́ fún oṣù kan kí gbogbo ayé wá wò ó, ohùn Mìsítúrà rọ̀ díẹ̀. Ó ní òun á mú àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù òun wá. Inú Dáúdà dùn débi pé ó ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún un láìsọ fún un. Àkàbà ló fún un, torí òun ni àkàbà tí Dáúdà gùn dé ibi tó wà. Ó wọ ìborùn funfun fún un, bó ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ Sunday. Àkàbà náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ inú sánmà lọ. Ó fa ìlà dúdú yí i ká bíi tàwọn yòókù, ó kọ MÌSÍTÚRÀ sísàlẹ̀, ó sì kọ 8, torí pé òun ni ìkẹjọ tó parí.

Ṣé ẹ ti rí i? Dáúdà ò rí i. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Mùsùlùmí, tó ti jẹ sàárà òkú láìmọye ìgbà, kò rí i.

Mìsítúrà rí i. Ó dúró níwájú àwòrán náà, àwọn obìnrin àsàlátù sì dúró yí i ká. Ìyá Habeebullah, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Subuhanallahi. Fídáù ta nìyí?"

Ojú Dáúdà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Ìborùn funfun, ìlà dúdú, orúkọ lábẹ́ ojú, àkàbà tó ń lọ sọ́run, nọ́ńbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ya òkú síwájú gbọ̀ngàn fídáù ló ṣe ya ẹni tó tọ́ ọ.

"Dáúdà, kí ni mo fi ṣe ẹ́?" Ohùn Mìsítúrà ò tiẹ̀ lọ sókè. "Yọ mí kúrò níbẹ̀."

"Àǹtí mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ gbé mi gòkè, ìyẹn ni mo..."

"Mo ní yọ mí kúrò níbẹ̀. Now now."

Kí ló kù kó ṣe? Ìṣó kan ló gbé e dúró. Ṣùgbọ́n Bernice ti sọ fún un pé àwòrán yẹn ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, àwọn èèyàn ń yà á sí fóònù, òyìnbó kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní "sir". Ìgbéraga gun Dáúdà lọ́jọ́ náà.

"Ẹ jẹ́ kí exhibition yìí parí, Àǹtí mi. It's only till month end."

Mìsítúrà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó jáde. Láti ọjọ́ náà kò gbé fóònù Dáúdà mọ́. Nígbà tí ara Dáúdà ò gbà á mọ́, ó lọ sí fúláàtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kennington. Mìsítúrà ò ṣílẹ̀kùn.

"Ṣé o ti yọ mí?" ló bi í láti inú ilé.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ kan."

"Ó dáa. Máa lọ."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Mìsítúrà ṣubú ní balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, dókítà sọ bẹ́ẹ̀, oògùn tí kì í lò déédéé ló fà á. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti dókítà? Àwọn obìnrin àsàlátù ti mọ ẹni tó pa á. Dáúdà gbé àwòrán náà wálé, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Bí wọ́n ṣe sin ín tán, Yusrah, ọmọ kan ṣoṣo tí Mìsítúrà bí, wá láti Deptford.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, the painting. Fún banner fídáù. Gbogbo picture Mummy, she's frowning in all of them. Ìyá Habeebullah gan-an said we should use yours, pé ó jọ wọ́n gan-an."

Ìyá Habeebullah kan náà tó béèrè fídáù ta!

"Màmá ẹ ní kí n yọ àwọn kúrò níbẹ̀, Yusrah."

"She's gone, Uncle. Wọn ò lè bínú mọ́."

"Padà wá lọ́la," ni Dáúdà wí.

Nígbà tó lọ tán, ó yí àwòrán náà padà, ó tẹ́ ìwé ìròyìn, ó ṣí ọ̀dà funfun. Ọwọ́ Mìsítúrà ló kọ́kọ́ kùn pa, ó kun aṣọ, ó kun ìborùn. Ojú ló kùn kẹ́yìn. Ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé, "Àǹtí mi, mo ti ń yọ yín o," títí tí kò fi ku ohunkóhun ju àkàbà àti orúkọ àti nọ́ńbà.

Yusrah wo àwòrán náà lọ́jọ́ kejì.

"Nígbà tí Mummy ń bẹ yín, ẹ ò yọ wọ́n. Now èmi ni mo wá ń bẹ yín, ẹ wá yọ wọ́n." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ má pè mí mọ́."

Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n lò fún fídáù, Mìsítúrà sì fajú ro níbẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Dáúdà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, nítòsí bàtà àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó ní kó wá ṣe àdúrà, òun tí wọ́n jọ wá láti inú ìyá kan náà. Ó ti ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó ṣe. Ẹni tí ì bá sọ pé "Dáúdà, o ṣeun" ni wọ́n ń ṣàdúrà fún yẹn.