Kẹ̀kẹ́ Ànísátù Tó Ga Ju Ànísátù Lọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìwọ̀sí, ẹ lọ dúró lẹ́bàá títì ní àdúgbò Bobiel nílùú àjò yìí láàárọ̀, kí ẹ máa pe takisí. Onítakisí á rọra dúró, á bi yín níbi tí ẹ ń lọ, ẹ óò sọ fún un, á mi orí, á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi Ànísátù sílẹ̀ sínú eruku ní gbogbo ọdún tó kọjá, títí ilé ìwé rẹ̀ ní Wadata fi kọ̀wé pé àwọn ò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pẹ́ẹ́ dé mọ́. Jùnáídù, bàbá rẹ̀, ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ní bí ilé ìwé bá fi wọlé ní ọjọ́ Àtìní àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, tí ọmọ náà ò rí ohun tí yóò máa gbé e lọ, kó kọrí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

Màríámọ̀, ìyá ọmọ, kò gbà. Ogún ọdún ló ti ń ta àǹkárá ní ọjà Grand Marché, kò sì tà á kí ọmọ òun lè pa ìwé tì nítorí onítakisí. Ó ra kẹ̀kẹ́ kan lọ́jà. Ẹni tó tà á fún un fi Ọlọ́run búra pé tuntun ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ibi tí ọmọ ń gbẹ́sẹ̀ lé já bọ́, tí ọ̀dà ń ṣí, tí ìpẹtà ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé e padà, ọkùnrin náà ní òun ò rí i rí láyé òun. Màríámọ̀ bá pinnu pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ gan-an ni òun yóò ti rà á, pé òun àti alágbàtà ti parí. Ẹ má rẹ́rìn-ín: alágbàtà lòun náà.

Ànísátù ló rí ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù, àwọn ará òkè òkun kan tí wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀n ẹni tí yóò gùn ún. Wọ́n béèrè gíga ọmọ, wọ́n tún béèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó láti abẹ́ itan dé gìgísẹ̀. Èyí bí Màríámọ̀ nínú. Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú itan ọmọge? Síbẹ̀ ó ní kí ọmọ fẹ̀yìn ti ògiri, ó mú igi mítà tó fi ń wọn àǹkárá, ó wọ̀n ọ́n, ó pe iye rẹ̀, Ànísátù sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àlàmísì tó ṣáájú ìwọlé, páálí náà dé. Oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àdúgbò tò ó pọ̀, kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń dán. Ànísátù gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀, kò rí i. Wọ́n rẹ ìjókòó sílẹ̀ débi tó lè dé, síbẹ̀ atẹ́gùn ni ọmọ ń tẹ̀. Jùnáídù wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é.

Màríámọ̀ ò sùn dáadáa lóru yẹn. Ó ní kí Ànísátù kọ̀wé sí wọn pé olè ni wọ́n, pé wọ́n rí i pé ọ̀nà jìn ni wọ́n ṣe ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Ọjọ́ kejì ni èsì dé: ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ la ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún ọmọ wọ̀n. Ṣé òun ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìwọ̀n? Òun, Màríámọ̀, tí oníbàárà kan ò tíì bá aṣọ tó dín lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Ànísátù lọ yá tépù lọ́wọ́ aránṣọ, ó wọn ara rẹ̀, ó sì gbé e síwájú ìyá rẹ̀.

“Màmá, ẹ wò ó. Mẹ́jọ ló fi lé.”

“Mẹ́jọ kí ni?”

“Sẹ̀ntímítà mẹ́jọ. Ìka yín mẹ́rin nìyẹn.”

Màríámọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní òwò, níbi tí igi bá parí sí, á tẹ́ ìka mẹ́rin lé e kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ènì oníbàárà nìyẹn; ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró gba àṣẹ kó tó fi í lé e. Ó ti fún ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ní ènì. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìka ara rẹ̀? Ìbínú náà ò lọ o, ara rẹ̀ ló wulẹ̀ kọjú sí.

Ó jókòó, ó ń wo kẹ̀kẹ́ náà. Ó ga. Òun náà ga. Ànísátù ò ju èjìká rẹ̀ lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó wà lọ́mọbìnrin, kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń gùn lọ sóko, kí wọ́n tó ní obìnrin tó bá ti lọ́kọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wadata sì wà lójú ọ̀nà ọjà rẹ̀. Kí ló dé tí kò fi gun kẹ̀kẹ́ láti ogún ọdún? Nítorí kí àwọn ènìyàn má baà sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn wo? Àwọn tó ń fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú eruku?

Láàárọ̀ ọjọ́ Àtìní, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, ó di híjáàbù rẹ̀ le, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó jókòó. Ànísátù jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé. Jùnáídù jáde wá sẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Ànísátù,” ni Màríámọ̀ wí, “ẹ bá wa sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n ká ẹní wọn.”

Nígbà tí wọ́n jáde sí títì, takisí kan rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, awakọ̀ yọrí, ó ní níbo ni Hajiya ń lọ. Màríámọ̀ mi orí fún un, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.