Ọ̀gá Òjìji Tí Gbogbo Ọjà Rí

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé ni bàbá tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Òjìji ń tọ́jú níléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ẹnu rẹ̀ á rò pé òun ló ń ṣọ́ gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn amí tuntun, ó ní òun nìkan ló lè kọ́ àwọn òṣèré. Olùdarí fíìmù ní kó kọ́kọ́ tọ ìyá tó ń rán aṣọ wọn lẹ́yìn lọ sọ́jà láìjẹ́ kó mọ̀. Bó bá yege, iṣẹ́ di tirẹ̀.

Ó padà dé, ó ń yan bí àkùkọ. "Òwú àti bọ́tìnnì ló rà. Kò fura rárá!"

Kò tíì jókòó tán tí ìyá aránṣọ fi wọlé, tó na fìlà kan sí i. "Bàbá, ẹ gbà. Ẹ gbàgbé ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ lúgọ sí. Ikọ́ yín nìkan tó jí òkú!"

Ìyá náà ló ń kọ́ àwọn òṣèré báyìí. Ọ̀gá Òjìji ń sọ fún aládùúgbò pé iṣẹ́ àṣírí ni wọ́n gbé fún òun, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rí òun níbẹ̀.